Kí ló dé tí orúkọ wa kì í bára mu lórí NIN, BVN àti pásípọ́ọ̀tì? Àlàyé fún ọmọ Yorùbá tó wà ní Àbújá àti Òkè Ọya

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti gba ẹnu wa kan ní Àbújá. Ní Kubwa, ní Nyanya, ní Lugbe, nínú ìpàdé ọmọ ìlú, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí lẹ́yìn Jímọ̀, ìbéèrè kan náà ló ń lọ: orúkọ tó wà lórí NIN mi kọ́ ló wà ní báńkì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó mi? Àwọn kan ń sọ pé ìjọba ò fẹ́ kéèyàn jẹ́ ju orúkọ mẹ́ta lọ mọ́. Àwọn kan ń bú àwọn òbí wọn pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọmọ. Aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa náà ń ké tiwọn: ọmọ ìyá méjì, bàbá kan náà, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ìwé wọn.

Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni pa orúkọ rẹ̀ kan rẹ́. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé fọ́ọ̀mù ìjọba ní àyè mẹ́ta, fún orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ àárín àti orúkọ ìdílé, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa àti àwọn ará Òkè Ọya ti ń sọ ọmọ lórúkọ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan àyè mẹ́ta yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ìdààmú ti ń wá.

Kí ló ṣẹlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ orúkọ fi di ariwo báyìí?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu buwọ́ lu àwọn òfin owó orí tuntun, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ẹni tó bá ń pawó tí owó orí kàn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó orí, àti pé báńkì yóò máa béèrè rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde ni ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Àjọ agbowó-orí àpapọ̀, FIRS, tó ti di NRS báyìí, wá ṣàlàyé pé NIN tí kálukú ti ní ni yóò dúró gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà owó orí fún ẹni kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, yóò sì ṣe tiẹ̀ fún ilé iṣẹ́.

Àlàyé yẹn mú ẹ̀rù kan kúrò, ó gbé òmíràn wọlé. Bí NIN bá ti di gbòǹgbò gbogbo nǹkan, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni gbogbo ìwé yòókù yóò máa wò. Kì í sì ṣe òní ni èyí bẹ̀rẹ̀. BVN ti wà láti ọdún 2014. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti ní ká so nọ́ńbà fóònù wa mọ́ NIN. JAMB kì í forúkọ ọmọ sílẹ̀ láìsí NIN mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tì, orúkọ orí NIN rẹ̀ ni àwọn ìmígíréṣọ̀n ń lò. Nígbà tí ọdún 2023 ń lọ sópin, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n dènà àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹta ọdún 2024.

Ohun tó yí padà nìyí: tẹ́lẹ̀, èèyàn ló ń wo ìwé. Akọ̀wé báńkì tó mọ̀ pé "Ṣọlá" àti "Shola" kò yàtọ̀ yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ ló ń fi wéra báyìí, lẹ́tà sí lẹ́tà, bí ọ̀kan bá sì ti yàtọ̀, ó lè kọ̀ ọ́.

Ta ló kọ́kọ́ ní ká máa jẹ́ orúkọ ìdílé?

Kò sí nínú ètò àwọn baba ńlá wa pé kí gbogbo ọmọ ilé kan máa jẹ́ orúkọ bàbá wọn. Bàbá tó ń jẹ́ Ọdẹ́wálé lè bí Àjàyí, kí ó bí Ọdẹ́túndé, kí ó bí Fátókun, kí ẹnikẹ́ni má sì fi Ọdẹ́wálé mọ́ tirẹ̀. Oríkì orílẹ̀ ló ń sọ ilé téèyàn ti jáde: ọmọ Oníkòyí, ọmọ Olúfẹ̀, ọmọ Ìrẹsà. Àjàyí ń sọ pé ọmọ náà dojú bolẹ̀ wáyé, Ọdẹ́túndé ń sọ pé ọdẹ ni wọ́n nílé náà. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ orúkọ gbogboogbò fún ìdílé.

Ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn ló mú un wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀, ń jẹ́ Àjàyí. Ní ọdún 1825, nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Sàró (Sierra Leone), orúkọ òyìnbó kan tó ń ran ìjọ CMS lọ́wọ́ ni wọ́n fún un, ó sì di Samuel Crowther. Ó fi Àjàyí há àárín. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé Sàró ṣe ní Johnson, Williams àti Macaulay. Nígbà tó tún yá, àwọn kan kọ̀. David Brown Vincent, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi, jù ú sílẹ̀ ní ọdún 1894, ó di Mojọlá Àgbèbí.

Ní Òkè Ọya, ọ̀nà míì ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba pọ̀ tó ń jẹ́ Abubakar, Aminu, Shehu. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀? Ìlú tí ọmọ ti wá ni wọ́n so mọ́ orúkọ rẹ̀. Tafawa Balewa, tó gbẹ̀yìn orúkọ olórí ìjọba Nàìjíríà àkọ́kọ́, ìlú kan ni ní Ìpínlẹ̀ Bauchi. Mallam Aminu Kano, ìlú Kano náà ni. Shagari, abúlé ni ní Sókótó. Kwankwaso, ìlú ni ní Ìpínlẹ̀ Kano.

Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn Hausa ò ní orúkọ ìdílé?

Lójú tiwọn, wọ́n ní orúkọ tó tó wọn. Àwa la mú ìwọ̀n tiwa lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ní ọkùnrin kan ń jẹ́ Musa. Ó bí Ibrahim. Ọmọ náà yóò máa jẹ́ Ibrahim Musa. Ibrahim bí Aliyu, ìyẹn yóò jẹ́ Aliyu Ibrahim. Musa ti kúrò nínú orúkọ. Ìran kan ni orúkọ bàbá ń bá ọmọ dé, lẹ́yìn náà ó dúró. Bí Ibrahim bá tún lọ sílé ìwé, tí tíṣà fi Kano mọ́ ọn lára, tí àbúrò rẹ̀ sì dúró ní "Musa", ọmọ bàbá kan náà di Ibrahim Kano àti Yusuf Musa. Àwọn méjèèjì ò ṣi orúkọ jẹ́. Ẹ̀rọ ni kò lè mọ̀ pé ilé kan ni wọ́n ti jáde.

Orúkọ Mùsùlùmí náà ní bí wọ́n ṣe ń tò ó. Bí Muhammad tàbí Ahmad bá pọ̀ nínú agbolé, wọ́n á fi iye ka wọn lédè Lárúbáwá: ti àkọ́kọ́ á jẹ́ Auwal, èyí tó ti di Lawal lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ti ìkejì á jẹ́ Sani, ti ìkẹta, Salisu, ti ìkẹrin, Rabiu. Nígbà tó bá yá, iye yẹn á dá dúró bí orúkọ, Muhammad á sì lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Sani fi lè jẹ́ Muhammad Sani nínú ìwé, kí báńkì máa wá Muhammad, kí ó má rí i.

Ọjọ́ ìbí náà ń sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Àìkú, Danladi; ọmọbìnrin, Ladi. Ti Ọjọ́rú, Balarabe àti Laraba. Ti Ọjọ́bọ̀, Danlami àti Lami. Ti Jímọ̀, Danjuma àti Jummai. Obìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Asabe. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kaduna tàbí Zaria ni aládùúgbò sọ ní Ladi tàbí Jummai, tí orúkọ náà mọ́ wọn lára títí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ àmútọ̀runwá tiwa dáadáa, kò ní ṣòro fún un láti mọ tiwọn. Hassan àti Hussaini ni ìbejì. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé wọn ni Gambo, bí Ìdòwú ṣe ń tẹ̀ lé Táyé àti Kẹ́hìndé níbí. Ibi tí a ti yà sí ọ̀tọ̀ ni pé Hassan tó kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, nígbà tí àwa sọ pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé níṣẹ́ kó lọ tọ́ ayé wò. Tanko ni ọmọkùnrin tó dé lẹ́yìn àwọn ọmọbìnrin, Kande sì ni ọmọbìnrin tó dé lẹ́yìn àwọn ọmọkùnrin.

Wọ́n ní àbíkú náà, ó kàn jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n ń pè é yàtọ̀. Ajuji, láti ara juji, ààtàn: wọ́n á ṣe bí ẹni tó gbé ọmọ lọ sí ààtàn kí ikú má bàa ka á sí. Barau, ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Àwa ní Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé. Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa ni ti Olóyè M.K.O. Abíọ́lá: òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ tó yè. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kaṣìmawòó nìyẹn.

Barau yìí tún bá orúkọ ìlú tí à ń gbé tan. Àbújá tòótọ́, ìyẹn ìlú àtijọ́, kọ́ ni ibi tí Wuse àti Garki wà. Nígbà tí àwọn Fúlàní gba Zaria ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọba Hausa ibẹ̀ sá wá sí ìhà gúúsù. Abubakar, ọ̀kan nínú wọn, pọ́n ní àwọ̀, wọ́n sì ń pè é ní Ja, pupa. Òun ló tẹ ìlú dó ní nǹkan bí ọdún 1828, ìlú náà sì ń jẹ́ Abu Ja. Nígbà tí ìjọba Murtala Muhammed fi òfin dá olú ìlú tuntun sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976, wọ́n gba orúkọ náà fún un. Ìlú àtijọ́ ní láti wá òmíràn. Ọba tó wà lórí oyè nígbà náà ni Suleiman Barau. Wọ́n mú Sule láti ara orúkọ rẹ̀, wọ́n fi Ja tó ṣẹ́ kù sí i, ó di Suleja. Ẹ̀yin tó ń gba ọ̀nà Suleja lọ sí Minna, orúkọ ọba méjì lẹ̀ ń kà lórí pátákó yẹn.

Ohun kan kù tó ń da fọ́ọ̀mù rú lọ́dọ̀ wọn: ìtìjú, tí wọ́n ń pè ní kunya. Bí wọ́n bá fi orúkọ bàbá àgbà sọ ọmọ, ìyá ọmọ ò ní fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Á wá àdàpè: Baba, Kaka, Sarki, Babangida, tó túmọ̀ sí bàálé ilé. Ìyàwó ilé Yorùbá tí kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, tó ń pe é ní Ìbàdíàrán tàbí Adúmáadán, kò ní bi wọ́n léèrè ìdí. Ṣùgbọ́n àdàpè ọ̀hún lè di orúkọ tó wọ ìwé, bí Babangida ṣe di orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ Ààrẹ ológun kan.

Lawal, Sanni, Garba: orúkọ ta ni?

Ìbéèrè yìí ló ń bí ọmọ Ìlọrin nínú jù ní Àbújá. Wọ́n á ka orúkọ rẹ̀, wọ́n á fi Hausa kí i, nígbà tó bá fi Yorùbá dáhùn, wọ́n á ní ó ń fi ara pamọ́.

Lárúbáwá ló ni púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Hausa, ó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ahọ́n kálukú sì gún wọn bí ó ṣe mọ̀ ọ́n gún. Abubakar di Garba ní Kano, ó di Bukar ní Borno, ó di Bàkárè lọ́dọ̀ wa. Muhammad di Mamman lọ́hùn-ún, ó di Mọ̀mọ́dù níbí. Ibrahim di Iro, ó di Bùráímọ̀. Abdulazeez di Lásísì, Abdulhameed di Lámídì, Abdulsalam di Sàlámì.

Ìlọrin ni ibi tí gbogbo rẹ̀ ti pàdé. Nínú àwọn Balógun mẹ́rin ìlú náà, Balógun Gàmbàrí wà, Balógun Fúlàní wà, Àjíkòbi àti Alánàmú sì dúró fún Yorùbá. Orúkọ tó ń jẹ́ Gàmbàrí ní Ìlọrin lè máa sọ ìtàn Hausa, ó sì lè jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni ẹni tó ń jẹ́ ẹ gbọ́. Orúkọ Ẹ́míà tó wà lórí oyè láti ọdún 1995, Ibrahim Sulu Gambari, ní Sulu nínú: ìgékúrú Zulkarnaini ni, orúkọ bàbá rẹ̀ tó jẹ Ẹ́míà láti 1959 sí 1992.

Ibi tó ti ń dun ni èyí. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí wa tó kọ́ kéwú jinlẹ̀ ti ń dá orúkọ padà sí bí Lárúbáwá ṣe ń kọ ọ́. Bàbá ń jẹ́ Lasisi lórí ìwé ilẹ̀, lórí ìwé ìfẹ̀yìntì, lórí BVN. Àkọ́bí dúró ní Lasisi. Àbúrò rẹ̀ kọ Abdulazeez. Ìtumọ̀ kan náà ni, ẹ̀sìn sì ṣe é láre. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàbá bá kú, tí àwọn ọmọ sì lọ gba ìwé àṣẹ ogún ní kóòtù kí báńkì lè sanwó, àbúrò ni yóò máa mú ìwé ìbúra wá láti fi hàn pé òun ni ọmọ bàbá òun. Mo ka èyí sí apá tó wúwo jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọjọ́ ọ̀fọ̀ ló sábà máa ń já lé èèyàn lórí.

"Abdul" nìkan, ṣé orúkọ ni?

Rárá. Ìránṣẹ́ ni ó ń sọ, ó sì ń dúró de orúkọ Ọlọ́run tó tẹ̀ lé e: Abdulrasheed, Abdulkareem, Abdulrahman. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tẹ orúkọ bá fi àlàfo sí àárín, ẹ̀rọ á fi Abdul sí àyè orúkọ àkọ́kọ́, á fi Rasheed sí orúkọ àárín. Ní báńkì, wọ́n lè ti kọ ọ́ pọ̀. Ibòmíràn, wọ́n fi àmì ìdè sí i. Àwọn ará Ìlọrin míì ń kọ lẹ́tà ńlá méjì láìsí àlàfo, bíi ti Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀.

Orúkọ Yorùbá ńkọ́, níbo ló ti ń dà rú?

Àkọtọ́ ni àkọ́kọ́. Àwọn ẹ̀rọ ìforúkọsílẹ̀ kì í gba Ṣ, Ẹ, Ọ tàbí àmì ohùn. Ẹni tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun á di Segun tàbí Shegun, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, bí ẹni náà ò bá sì gbọ́ Yorùbá, bó ṣe gbọ́ ọ létí ni yóò kọ ọ́. Mo dúró lẹ́yìn màmá ará Ìyàgbà kan níbi tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe NIN ní Garki. Ìwé mẹ́ta ló tẹ́ sórí tábìlì: ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ kọ "Shade", NIN kọ "Folashade", báńkì kọ "Folasade". Ọmọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ bi í pé èwo ni òun. Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo wọn ni mo ń jẹ́." Òótọ́ ló sọ. Fọláṣadé ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ni ọmọkùnrin náà lè tẹ̀.

Ìgékúrú ni èkejì. Olúṣẹ́gun àti Olúwaṣẹ́gun, Táyé àti Táíwò, Kẹ́hìndé àti Kẹ́ní: ẹnu wa ò ka ìyàtọ̀ wọn sí. Oríkì náà wà níbẹ̀. Àjọkẹ́, Àlàó, Àyìnlá jẹ́ orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà fi ń pe ọmọ, àwọn òbí míì kọ ọ́ sí àyè orúkọ àárín, àwọn míì ò kọ ọ́ rárá, àwọn míì sì kọ ọ́ ní iléèwé, wọ́n gbàgbé rẹ̀ ní báńkì.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ yí orúkọ padà nítorí ẹ̀sìn, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti gbóná jù. Fágbèmí di Olúgbèmí. Ògúnbíyìí di Olúbíyìí tàbí Jésùbíyìí. Àwọn tó ń ṣe é ní orúkọ ń ro ọmọ, pé àwọn ò lè máa jọ́sìn fún Ọlọ́run kan kí wọ́n máa fi orúkọ òrìṣà dáhùn. Èrò wọn ni pé bí Ábúrámù ṣe di Ábúráhámù, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ ìran tuntun. Àwọn tó takò wọ́n ní ìtàn ni orúkọ wọ̀nyẹn ń gbé: Àyàn ń sọ pé onílù ni wọ́n nílé náà, Òjè ń sọ eégún, Ọnà ń sọ gbẹ́nàgbẹ́nà, Ọdẹ ń sọ ara rẹ̀. Wọ́n á tún ní Awólọ́wọ̀ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì títí ó fi kú, kò sì yọ Awo kúrò. Lábẹ́ òfin, kálukú ló ni ẹ̀tọ́ àti yí orúkọ padà. Wàhálà tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹnì kan nínú ọmọ mẹ́fà ló sábà máa ń yí i, àwọn márùn-ún yòókù á sì dúró síbi tí bàbá fi wọ́n sí.

Ṣé dandan ni kí obìnrin gba orúkọ ọkọ?

Òfin Nàìjíríà ò sọ ọ́ di dandan. Àṣà ọ́fíìsì àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ló mú un mọ́ wa lára. Ọ̀pọ̀ obìnrin Mùsùlùmí ní Òkè Ọya ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn lọ títí, wọ́n gbà pé ẹ̀sìn ló ní kí ọmọ má ya ara rẹ̀ kúrò lára bàbá. Hadiza Bala Usman, tó ti ṣe olórí àjọ èbúté ọkọ̀ ojú omi, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́, Yusufu Bala Usman, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Ahmadu Bello. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó á yí ti báńkì padà, á fi ti ìwé ẹ̀rí sílẹ̀, kò sì ní rántí NIN àfi lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ yí i, ìwé ìgbéyàwó ló ń mú lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Ṣé orúkọ lè fi hàn ibi téèyàn ti wá?

Kì í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń lò ó bí ẹ̀rí, pàápàá ní Àbújá níbi tí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pọ̀ sí. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní abala 14, sọ pé kí gbogbo ẹ̀yà rí ara wọn nínú ìjọba. Àjọ Federal Character ló ń mójú tó o. Abala 42 òfin kan náà ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀yà, ìlú tó ti wá, akọ tàbí abo, tàbí ẹ̀sìn. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fúnni ló yẹ kó sọ ibi téèyàn ti wá.

Àwọn ará Òkun ní Kogí mọ bó ṣe ń rí. Ìyàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀: Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ẹkùn Àríwá-Àárín Gbùngbùn ni wọ́n wà, wọ́n sì ti wà nínú Àríwá láti ayé amúnisìn, lábẹ́ Ẹkùn Kabba. Síbẹ̀, bí ọmọ wọn tó ń jẹ́ Olúwaṣeun bá fi ìwé ọmọ ìbílẹ̀ Kogí síwájú, ẹni tó ń gbà á lè bi í bóyá ó ra á ni, nítorí pé kì í ṣe irú orúkọ tó retí láti Àríwá. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sabon Gari, Kano, tó ń jẹ́ Lawal Rabiu, yóò rí òdìkejì rẹ̀: wọ́n á kà á mọ́ àwọn tí kì í ṣe tirẹ̀ títí ó fi sọ orúkọ ìlú bàbá rẹ̀. Àwọn kan ń fẹ́ kí wọ́n máa bo orúkọ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yan ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Àwọn mìíràn ní ìyẹn á jẹ́ kí ẹ̀yà kan gba gbogbo àyè láìsí ẹni tó máa mọ̀.

Kí ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tún orúkọ rẹ̀ ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ìwé yín jáde: NIN, BVN, ìwé ẹ̀rí ìbí, WAEC, pásípọ́ọ̀tì, ìwé iṣẹ́. Ẹ wo èyí tó ṣòro jù láti yí padà, ó sábà máa ń jẹ́ ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì mú àwọn yòókù wá bá a. Ẹni tó sáré lọ yí NIN kó lè bá báńkì mu lè tún padà wá yí i kó lè bá WAEC mu, owó méjì nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà kan ló ṣì, àtúnṣe lásán ni. Bó bá jẹ́ orúkọ lẹ fẹ́ pààrọ̀, wọ́n sábà máa ń béèrè ìwé ìbúra láti kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn. NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ní ojú òpó tí èèyàn ti lè ṣe àtúnṣe fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. BVN, báńkì yín ni ẹ ó lọ. Ẹ má ṣe fún àwọn tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ní nọ́ńbà NIN yín, ohun tó bá tọ́ láti san, ojú òpó tàbí ilé iṣẹ́ tí wọ́n fún láṣẹ ni kí ẹ san án sí.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, NIN òbí rẹ̀ ni wọ́n máa so tirẹ̀ mọ́. Kí bàbá àti ìyá ti fẹnu kò kí wọ́n tó débẹ̀: èwo ni orúkọ ìdílé, ṣé oríkì máa wọ̀ ọ́, ṣé Olú ni tàbí Olúwa, S ni tàbí Sh. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà, lẹ́tà ńlá, kí wọ́n gbé e lé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n sì ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà kí ó tó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Orúkọ tó bá wọlé lọ́jọ́ yẹn ni JAMB yóò bá níbẹ̀.